Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí iṣẹ́ abẹ ilé-ọmọ

Ẹ̀yin ìyá àti àǹtí mi, mo bi yín bí mo ṣe máa múra sílẹ̀ kí wọ́n tó yọ ilé-ọmọ mi nítorí ìju. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ọ̀sẹ̀ 6 ti pé báyìí. Nínú ìmọ̀ràn yín, ìrọ̀rí ló ṣiṣẹ́ jù: bí ikọ́ bá ti ń bọ̀, màá fi tẹ ikùn pẹ̀lẹ́, ojú abẹ kò ní fà mí. Ìbẹ́pẹ àti omi mú ìgbẹ́ rọ̀ díẹ̀. Dókítà ṣì fi oògùn kún un. Obìnrin tó ti ṣe é rí, tí ẹ ní kí n wá, mo rí i níbí ní Iléṣà. Alaalẹ́ ló ń pè mí, ó jẹ́ kí n sunkún tẹ́rùn. Ó ṣì ń tètè rẹ̀ mí, n kò tíì padà sí ìsọ̀ mi lọ́jà Àtakúńmọ̀sà. Ẹ ṣé gan-an.