Wọ́n ti la iṣan ńlá, kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ kò tún wọ ọkàn bàbá mi dáadáa?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds:
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni nǹkan dì mọ́ bàbá mi láyà. Wọ́n ní ẹ̀bà ló há àwọn lọ́nà. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó, tí wọ́n ń mu omi gbígbóná, kí màmá mi tó pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì. Àwọn dókítà gba ọrùn ọwọ́ wọn wọlé, wọ́n fi stent, ìyẹn ọ̀pá wáyà kékeré tó ń jẹ́ kí iṣan wà ní ṣíṣí, la iṣan ọkàn tó dí. Mo rí àwòrán rẹ̀, iṣan náà ṣí gbayawu. Àmọ́ lánàá, lẹ́yìn MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ kò wọ àwọn iṣan wẹ́wẹ́. Tí wọ́n bá ti tú páìpù ńlá, ṣé omi ò ní dé ẹnu ẹ̀rọ ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà ní yàrá tí wọ́n ti ń fi stent síni lára. Páìpù yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Páìpù kò ní ẹ̀mí, iṣan ní. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, awọ inú rẹ̀ á wú. Ẹran ọkàn tó yí i ká náà á wú, á fún un láti ìta. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá ya wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á rọ́ dé, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara iṣan. Ẹ̀rún ẹ̀jẹ̀ dídì tó já lókè á tún lọ há síbẹ̀. Níbi tó bá le jù, iṣan wẹ́wẹ́ á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sun sínú ẹran ọkàn.

Lọ́dún 1974, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Kloner, Ganote àti Jennings, dí iṣan ọkàn àwọn ajá, wọ́n sì tú u. Èyí tí wọ́n dí fún 40 ìṣẹ́jú, ẹ̀jẹ̀ padà síbẹ̀. Èyí tí wọ́n dí fún 90 ìṣẹ́jú, apá inú lọ́hùn-ún kò gba ẹ̀jẹ̀ mọ́. Lórí MRI, ojú ibi tó farapa á mọ́lẹ̀, àárín rẹ̀ á dúdú, torí oògùn àwòrán tí wọ́n fà síni lára gan-an kò rọ́nà débẹ̀.

Dúró ní Peckham:
Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò lè fi stent sí àwọn wẹ́wẹ́ náà? Àbí kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Rárá o, irun orí nípọn jù wọ́n lọ. Ní ti fífà, ìwádìí TOTAL dán an wò lára èèyàn tó lé ní 10,000, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Kéèyàn máa fà á fún gbogbo aláìsàn kò dín ikú kù, rọpárọsẹ̀ tún pọ̀ sí i. A máa ń fún wọn ní adenosine, oògùn tó ń mú kí iṣan wẹ́wẹ́ gbòòrò, nígbà mìíràn. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kì í ran àwọn mìíràn. Ó ń dùn mí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo kà á fún bàbá. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Wákàtí mẹ́rin yẹn ni, àbí?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ má purọ́ fún wọn, pípẹ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ mo ti rí ẹni tó tètè dé tó ṣì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa tún fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde. Kí wọ́n má fo oògùn lọ́jọ́ kankan. Kí màmá máa wọn ìwúwo wọn láràárọ̀. Tí ẹsẹ̀ bá wú, tàbí tí wọn ò lè sùn gbalaja láìmí hẹlẹ, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.