Ogun ń jà, ẹgbẹ́ akọrin ń dánrawò: kí ni àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì?

Òǹkọ̀wé Òru

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Eré orí ìtàgé ni mò ń kọ. Ọmọbìnrin mẹ́ta jọ ń gbé yàrá kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin ní Massachusetts, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1943, Ogun Àgbáyé Kejì sì ń lọ lọ́wọ́. Ní ìran kìíní, wọ́n ń hun ìbọ̀sẹ̀ fún sójà. Ní ìran kejì, ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo dé ìran kẹta tí ọ̀kan nínú wọn tún nawọ́ sí òwú, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ sùn.

Ṣé ogun ti pa ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ eléré àti ijó òpin ọ̀sẹ̀ rẹ́ pátápátá ni, àbí wọ́n ń bá a lọ? Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi wọ̀nyí (ọmọ inú ìwé ni o) fẹ́ràn orin ju oúnjẹ lọ, mi ò sì mọ ibi tí màá gbé e sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé wọ́n ń ran ìlú wọn lọ́wọ́. Mo mọ ìyẹn. Ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wá.

Alàgbà Kàlẹ́ńdà

Àbúrò, ẹgbẹ́ ò kú. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹgbẹ́ ló ń tán lọ́kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ sì ni eré rẹ wà.

Mú ijó. Smith àti Mount Holyoke, kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin méjèèjì, wà ní Northampton àti South Hadley, Amherst tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan nígbà náà kò sì jìnnà sí wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1942, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wọn epo ọkọ̀ fún àwọn ará ìpínlẹ̀ etí òkun ìlà-oòrùn, ìyẹn ni pé ìwọ̀nba ni ẹnì kan lè rà. Bí ọkọ̀ ṣe dúró nìyẹn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n fa ọjọ́ orí ẹni tí wọ́n lè fi tipátipá mú wọṣẹ́ ogun wálẹ̀ sí ọdún 18. Bí ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ náà ṣe lọ nìyẹn. Ó ku gírámafóònù.

Oṣù karùn-ún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ṣúgà. Kọfí tẹ̀lé e ní ìparí oṣù kọkànlá: páùn kan fún àgbàlagbà kan, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni yóò fi mu ún. Ta ni yóò wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó jẹ́ omi gbígbóná lásán ni wọ́n fẹ́ gbé kalẹ̀?

Ìbọ̀sẹ̀ gígùn tán pẹ̀lú, torí náílọ̀nù ti di aṣọ tí sójà fi ń fò bọ́ láti inú bàálù. Àwọn ọmọbìnrin a fi àwọ̀ kun ẹsẹ̀, wọn a wá fi pẹ́ńsù tí wọ́n fi ń kun irun ojú fa ìlà gbọọrọ sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀, kó lè dà bí ojú rírán ìbọ̀sẹ̀. Jẹ́ kí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó máa fa ìlà fún èkejì, kí ìlà náà wọ́. Ìran kan nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan òwú.

Bí wọ́n bá tún fẹ́ lọ jó, dípò òdòdó, sítáǹpù owó ogun ni àwọn mìíràn ń tò pọ̀ mọ́ àyà aṣọ. Sítáǹpù sẹ́ńtì 25 márùndínlọ́gọ́rin ló ń pé dọ́là 18.75, owó tí ìjọba yóò san padà ní dọ́là 25 lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ọmọ tó bá ń fi òdòdó yangàn, ó ti ń yá ìjọba lówó nìyẹn.

Abẹ̀ní K.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó da òwú nù tán. Níbi tí wọ́n ti ń hun nǹkan, tàbí tí wọ́n ti ń ká báńdéèjì fún Red Cross pẹ̀lú aṣọ lórí irun, ibẹ̀ ni òfófó ti ń dùn jù. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ò níṣẹ́.

Òǹkọ̀wé, tó bá jẹ́ Smith lo ní lọ́kàn, o gbọ́dọ̀ fi àwọn WAVES sí i, ìyẹn ẹ̀ka obìnrin nínú ọmọ ogun ojú omi. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1942 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá wọn níbẹ̀. Obìnrin tó ń tò lọ bíi sójà lójú títì, tó ń kọrin bó ṣe ń rìn! Akọrin rẹ yóò gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé. Mildred McAfee, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin Wellesley, ni wọ́n mú ṣe olórí gbogbo wọn.

Tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn bá jẹ́ dúdú, ṣọ́ra. Oṣù kẹwàá ọdún 1944 ni WAVES tó gbà láti mú obìnrin dúdú. Ní oṣù kejìlá, Harriet Ida Pickens àti Frances Wills di ọ̀gá ní Northampton yẹn gan-an, àwọn méjèèjì àkọ́kọ́. Ọmọ Smith sì ni Pickens tẹ́lẹ̀! Ó ti jáde níbẹ̀ láti 1930.

Òǹkọ̀wé Òru

Ẹ ṣé gan-an, àǹtí mi. Ẹ̀gbọ́n, mo ti jí ìlà wíwọ́ yẹn o. Ohun kan ló kù: mo fẹ́ kí akọrin mi máa pa ìdánrawò jẹ, láìsí pé ó ń ṣàìsàn tàbí pé ó ní ọkùnrin. Kí ni yóò máa lọ ṣe?

Alàgbà Kàlẹ́ńdà

Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Fi 1943 sílẹ̀, padà sẹ́yìn.

Ní ìparí ọdún 1941, àwọn ọmọ ogun ojú omi ń wá ọmọ ọdún ìkẹyìn ní Smith, Wellesley, Bryn Mawr, Goucher àti àwọn bíi tiwọn. Wọ́n á pe ọmọ náà síkọ̀kọ̀, ìbéèrè méjì: ṣé o fẹ́ràn eré fífi lẹ́tà dí àpótí ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn (crossword)? Ṣé o ti ní àfẹ́sọ́nà? Ẹni tó bá dáhùn dáadáa, títú àrokò ọ̀tá ni wọ́n ń kọ́ ọ. Wọ́n kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí ní 1942, Washington ló kàn.

Ẹgbẹ́ kan tí kò lórúkọ nìyẹn. Kí àwọn méjì tó kù máa rò pé ọkùnrin ni.

Òǹkọ̀wé Òru

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí! Nígbà náà, oṣù kìíní ọdún 1942 ni màá bẹ̀rẹ̀, tí màá parí síbi tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀rí. Ṣé ṣúgà wà lórí tábìlì ní ìran kìíní nìyẹn?

Alàgbà Kàlẹ́ńdà

Ó wà, títí di oṣù karùn-ún. Epo ọkọ̀ náà wà, torí náà ọmọkùnrin Amherst ṣì lè wakọ̀ wá. Àwọn WAVES ni kí o yọ kúrò, wọn ò tíì dé. Kọfí ò ní wọ́n títí eré rẹ yóò fi parí. Jẹ́ kí wọ́n mu ún.