Ẹ̀yin olùsìn pẹ́pẹ́yẹ, ìwọ̀n ẹ́ńsáìmù wo ni kí n lò?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fà ni mo ti ń sin pẹ́pẹ́yẹ tí à ń tà fún ẹran. Àgbàdo ti gbówó lórí, eèrí àlìkámà àti PKC (ìyókù èkùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀) ni mo fi ń dí i. Ìgbẹ́ wọn wá ń ṣàn, ó ń lẹ̀ mọ́ wọn nídìí, eèrí sì hàn kedere nínú rẹ̀. Wọn ò sanra. Mo lo oògùn aràn, mo dín PKC kù, pàbó.

Mo ti ra ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń mú kí oúnjẹ dà dáadáa nínú wọn (irú tí wọ́n ń pè ní xylanase àti phytase), àmọ́ ìwọ̀n ti adìyẹ nìkan ló wà lára ọ̀rá rẹ̀. Omi gbígbóná ni mo fi ń po oúnjẹ wọn, ooru sì ń ba ẹ́ńsáìmù jẹ́. Tó bá tutù kí n tó bù ú sí i, ṣé ìwọ̀n ti adìyẹ yẹn náà ló tọ́ sí pẹ́pẹ́yẹ?