Ṣé kí n fi BIOS tuntun sórí mọ́dábọ́ọ̀dù mi?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Mọ́dábọ́ọ̀dù B450 (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) ni kọ̀ǹpútà mi ń lò, Ryzen 5 2600 sì ni ọpọlọ (CPU) rẹ̀. Mo fẹ́ fi Ryzen 7 5700X, èyí tí AMD gbé jáde ní 2022, rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà dìde) ọdún 2019 tó wà lórí bọ́ọ̀dù náà kò lè dá a mọ̀, nítorí náà ó di dandan kí n kọ́kọ́ fi BIOS tuntun sí i nígbà tí ọpọlọ àtijọ́ ṣì wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ló ń kọ mí lóminú. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, bọ́ọ̀dù náà lè má tan mọ́, tèmi kò sì ní bọ́tìnì Flashback (èyí tó ń fi BIOS sí bọ́ọ̀dù láti ara fláàṣì, kódà bí kò bá tan) tí ì bá gbà mí sílẹ̀. Mo ní ínfátà, àmọ́ kọ̀ǹpútà máa ń kú nígbà mìíràn kí ínfátà náà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná ìjọba (NEPA kì í kúkú dágbére). Ṣé kí n fọwọ́ ara mi pa iná ìjọba, kí n jẹ́ kí bátìrì nìkan gbé e, àbí UPS (bátìrì tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kú bí iná bá lọ lójijì) ló dára jù? Mo ti tọ́jú kọ́kọ́rọ́ BitLocker (ètò Windows tó ń ti dísíìkì pa) sórí ìwé, bí ó bá lọ béèrè rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ewu yìí tó ohun tí n ó rí gbà, tàbí kí n máa lo 2600 mi lọ?