Kí ni strong induction (ọ̀nà kan tí a fi ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan jẹ́ òótọ́ fún gbogbo nọ́ńbà láti ìpìlẹ̀ lọ) fi ju induction lásán lọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Bí a bá fẹ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan jẹ́ òótọ́ fún nọ́ńbà k, kí ló dé tí a fi ń gbà pé ó ti jẹ́ òótọ́ fún gbogbo nọ́ńbà tó ṣáájú k láti ìpìlẹ̀, tí kì í ṣe fún k−1 nìkan bíi ti induction lásán?

Olùkọ́ ní Yábàá: Ká ní alákàrà kan ń di àkàrà ní mẹ́rin-mẹ́rin tàbí márùn-ún-márùn-ún nìkan, kò sí iye kan láti 12 lọ tí kò lè dì. 12 jẹ́ 4+4+4, 13 jẹ́ 4+4+5, 14 jẹ́ 4+5+5, 15 sì jẹ́ 5+5+5. Bí k bá tó 16, k−4 kò ní kéré sí 12, a sì ti gbà pé ó ṣeé dì, nítorí náà ìdì mẹ́rin kan ló kù. k−4 la lò, kì í ṣe k−1.

Ará Súrùlérè: Ẹ ṣeun, sà. Ṣé dandan ni ìpìlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn 12 sí 15 tí ẹ kọ́kọ́ fi hàn?

Olùkọ́ ní Yábàá: Dandan ni. Ẹ fo 15, k−4 á gbé yín padà sí 11, èyí tí kò ṣeé dì rárá.