Wọ́n yọ mí lẹ́gbẹ́ géèmù torí pé mo ṣe èèyàn burúkú. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọ̀dájú Leeds

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti Sátidé ni mi ò ti rí oorun sùn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ géèmù ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó dùn mí wọ eegun.

The Elder Scrolls Online ni mò ń gbá, géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Láti 2019 tí wọ́n ti mú necromancer (ẹ̀dá tó ń jí òkú dìde) wọ inú rẹ̀ ni mo ti wà níbẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìkẹ́rùsí kan. Alẹ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, oorun kì í wá, ìyàwó àti ọmọ á ti sùn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yẹn nìkan ni mò ń rí bá sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ RP ni wá, ìyẹn roleplay. A kì í kàn pa ẹranko kiri. A máa ń jókòó sílé ọtí inú géèmù, kálukú á máa tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń ṣe tíátà tí kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un.

Tèmi ni Vethis. Dark Elf ni (ẹ̀yà kan nínú géèmù náà), ó ń jí òkú dìde, ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Èèyàn burúkú ni, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Àwọn fúnra wọn ló ní gbogbo èèyàn fẹ́ jẹ́ akọni, ìtàn ò wá dùn mọ́, kí ẹnì kan ṣe ọ̀tá. Mo gbà. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ẹ̀dá yẹn. Owó gidi ni mo fi ra aṣọ rẹ̀ àti ilé tó ń gbé (ìyàwó mi ò mọ̀ o).

Ní Sátidé, Vethis sọ̀rọ̀ sí ẹ̀dá-ìtàn obìnrin kan nínú ẹgbẹ́, àlùfáà tó ń wo aláìsàn. Ọ̀rọ̀ lásán! Nínú géèmù yẹn, èèyàn ò tiẹ̀ lè pa ẹlòmíì àfi ní Cyrodiil tó jẹ́ pápá ogun àti irú ibẹ̀, tàbí kí ẹ̀yin méjèèjì gbà láti jà. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ó kàn jáde. Kò tó ìdajì wákàtí, wọ́n ti yọ mí lẹ́gbẹ́, wọ́n yọ mí lórí Discord tá a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ọ̀gá ẹgbẹ́ ò sì dá mi lóhùn. Ẹni tí router rẹ̀ bàjẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì tó jẹ́ èmi ni mo bá a tún un ṣe lórí fóònù! Àbí torí pé èmi nìkan ni adúláwọ̀ níbẹ̀ ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì Peckham

Àbúrò, o ń jí òkú dìde, o ń mu ẹ̀jẹ̀, o wá ń bi wá pé kí ló dé tí oorun ò kùn ọ́? Ọlọ́run ló yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Kẹ́hìndé tèmi fi kádì mi ra agbábọ́ọ̀lù inú géèmù, £180, mo rò pé olè ló jà mí, mo ti pe báńkì kí n tó mọ̀ pé olè ọ̀hún ń jẹ indomie ní pálọ̀ mi. Pa á tì, kí o gbàdúrà.

Tùnjí Òkè-Àdó

Ẹ̀yin màmá yìí náà! Eré ni. Tí Fádèyí Olóró bá ti yọ lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tá a wà lọ́mọdé, abẹ́ àga ni mò ń wọ̀. Ṣé ẹnì kan lọ fẹjọ́ bàbá yẹn sun ọlọ́pàá ni? Òjó Arówóṣàfẹ́ lorúkọ rẹ̀ nílé, iṣẹ́ ló ń ṣe. Bọ̀dá Ọ̀dájú, ẹ má dá wọn lóhùn. Àwọn òyìnbó yẹn ò kàn lè fara da ẹni tó mọ eré ṣe.

Àgbà Houston

Ẹ̀yin ọmọ òní ò tíì rí nǹkan kan. Èmi gbá Ultima Online tó jáde ní 1997. Wọ́n á dá ọ lọ́nà nínú igbó, wọ́n á pa ọ́, wọ́n á bọ́ ọ tán títí kan bàtà. Nígbà tó yá ni wọ́n jẹ́ kí orúkọ apànìyàn máa pọ́n kí gbogbo ayé lè rí i sá fún. Wọ́n kó ẹrù mi lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan. Mo sunkún bí? Rárá (lẹ́ẹ̀kan péré). Àmọ́ ó kù síbì kan. Àbúrò, kí ni Vethis sọ fún obìnrin yẹn gan-an?

Ọ̀dájú Leeds

Ẹ ṣé, bọ̀dá Tùnjí, ẹ yé mi dáadáa. Màmá Ìbejì, mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo wà lára akọrin. Kì í ṣe èmi ló ń jí òkú. Nínú géèmù náà gan-an, tí necromancer bá pe egungun òkú jáde láàárín ìlú tí wọ́n rí i, ọ̀daràn ni, ẹ̀ṣọ́ á lé e. Ìyẹn ni pé géèmù fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò dáa. Mo kàn ń ṣe ohun tí wọ́n dá ẹ̀dá yẹn fún ni.

Ṣadé RP

O ò tíì dáhùn ìbéèrè àgbà o. Èmi náà ń ṣe RP, apààyàn ni mò ń ṣe, ó sì dùn mọ́ mi. Àmọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìran tó le, màá kọ́kọ́ fi ohùn ara mi bi ẹnì kejì níkọ̀kọ̀ pé, "Ṣé kí n dé ibi báyìí?" Tó bá ní rárá, ó parí. Ohun tí èmi mọ̀ lóde, ẹ̀dá-ìtàn mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣé o bi í?

Bọ̀dá Mọ́níyà

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. A kì í torí ọ̀rọ̀ ẹnu yọ èèyàn láàárín ìdajì wákàtí. Ó ti kó nǹkan nínú báńkì ẹgbẹ́. Ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa, ó ní "olè ni ẹ̀dá-ìtàn mi". Olè pátápátá ni òun náà.

Tùnjí Òkè-Àdó

Kí lẹ fi mọ̀? Ẹ ò mọ̀ ọ́n rí, ẹ ti sọ ọ́ di olè. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tó sọ ńkọ́, kò sẹ́ni tó bá a dá sí i.

Bọ̀dá Mọ́níyà

Ọdún méjì ni wọ́n fi bá a ṣeré, ṣé Sátidé ni àwọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dú ni?

Ọ̀dájú Leeds

OLÈ KẸ̀! Ó lé ní 400,000 gold, owó inú géèmù, tí mo fi sínú báńkì yẹn, mi ò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀! Ẹ wò ó, ẹ má bú mi bí ẹ ò bá mọ ìtumọ̀ eré. Kì í ṣe gbogbo ìran lèèyàn ń tọrọ àyè fún. Tí mo bá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un, ẹ̀rù ò ní bà á mọ́.

Ṣadé RP

Ó di ẹ̀kẹta. KÍ LÓ SỌ?

Ọ̀dájú Leeds

Ó dáa.

Nínú ìtàn àlùfáà yẹn, bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyẹn wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Vethis wá sọ fún un pé: "O ń wo gbogbo ayé sàn, bàbá rẹ sì pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, o ń sùn."

Ti ìpè mẹ́ta yẹn ò sí nínú ìtàn. Tirẹ̀ ni. Ó sọ ọ́ fún mi ní oṣù kejì, a wà lórí Discord ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, àwa méjì nìkan. Bàbá rẹ̀ wà lọ́sibítù, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó lọ sùn díẹ̀ nínú mọ́tò ní páàkì. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò gbọ́.

Mo rò pé á jẹ́ kí ìran náà gbóná ni. Ó sì gbóná, ẹnì kan tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé "wow". Kí ó tó jáde.

Àgbà Houston

Hà.

Tùnjí Òkè-Àdó

Ìyẹn le o. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Nílẹ̀ Kétu, Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, á fi orin tú àṣírí èèyàn níwájú gbogbo ìlú, kò sí ohun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe fún un. Ìbòjú ló ń sọ̀rọ̀.

Ṣadé RP

Bọ̀dá Tùnjí, ẹ má fi Ẹ̀fẹ̀ bò ó. Oníwàkiwà ni Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin bú, ẹni tó ń ba ìlú jẹ́. Ìwà burúkú wo lọmọ ọlọ́mọ yìí hù? Ẹni tó sunkún sí ọ létí lóru, o lọ gbé ẹkún rẹ̀ fún Vethis pé kó fi nà án. Vethis ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Kò sí páàkì ọsibítù níbi tó ń gbé. Ìwọ lo sọ̀rọ̀.

Bọ̀dá Mọ́níyà

Mo ní ó kó nǹkan àbí mi ò sọ?

Ìyá Ìbejì Peckham

Ọjọ́ tí màámi lọ, inú bọ́ọ̀sì 36 ni mo wà. Fóònù wà nísàlẹ̀ báàgì lábẹ́ ẹ̀wà àti ẹja. Ọdún kọkànlá rèé. Mi ò tíì sọ ọ́ fún àwọn ìbejì gan-an. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ ọ́ síbí fún. Àbúrò, bẹ ọmọbìnrin yẹn. Fi ìyókù sílẹ̀.

Ọ̀dájú Leeds

Mo ti bẹ̀ ẹ́, mà. Mo fi léta ránṣẹ́ sí i nínú géèmù ní Sọ́ńdè. Ó gùn dáadáa. Kò fèsì.

Ṣadé RP

Kí lo kọ síbẹ̀?

Ọ̀dájú Leeds

Vethis ló kọ ọ́. Pé òun jókòó sẹ́nu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì rẹ̀, pé òun mú abẹ́là wá. Mo rò pé á pa á lẹ́rìn-ín.

Ṣadé RP

Vethis ló bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀dájú Leeds

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan lè bá mi wò ó bí mo bá fẹ́ kọ òmíì? Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórúkọ ara mi. Ìyàwó mi ti dé, màá padà wá.