Ìdáhùn: Orúkọ wo ni ká pe fẹ́lóṣíìpù àwọn dókítà alẹ́jì?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ atúmọ̀ èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ka àbá tí Ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ lórí ìwé ìléwọ́ tí ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ máa fún àwọn òbí tó ń sọ Yorùbá. Wọ́n ní ká pe fẹ́lóṣíìpù, ẹ̀kọ́ àkànṣe tí àwọn dókítà ń ṣe lórí alẹ́jì àti immunology (ìmọ̀ bí ara ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀), ní “ìdàpọ̀ àwọn oníṣègùn èèwọ̀-ara àti àjẹsára”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, kò sí ọ̀kan tí mo lè fọwọ́ sí nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó gbé àbá yẹn ró. “Ìdàpọ̀” ló rọrùn jù: ilé ìjọsìn la ti mú un wá, ẹ jẹ́ ká dá a padà síbẹ̀. Àwọn méjì tó kù àti ọ̀rọ̀ fẹ́lò fúnra rẹ̀ ló gba àlàyé.

Ní Nàìjíríà, ẹni tí wọ́n ń pè ní fẹ́lò ti parí ẹ̀kọ́. Ó ti ṣe rẹ́sídẹ́ǹsì (ẹ̀kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn), ó ti yege ìdánwò apá kìíní àti apá kejì, ó ti gbèjà ìwé ìwádìí rẹ̀, ó sì ti gba oyè FMCP tàbí FWACP tó lè sọ ọ́ di kọ̀ǹsọ́tántì. Ní Amẹ́ríkà, fẹ́lò ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ó ti lo ọdún 4 nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó ti lo ọdún 3 ó kéré tán nínú rẹ́sídẹ́ǹsì ìtọ́jú àgbàlagbà tàbí ti ọmọdé, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ ọdún 2 fẹ́lóṣíìpù yìí. Ibi yòówù kó ti wá, tọmọdé tàgbà ló gbọ́dọ̀ tọ́jú nínú ọdún méjèèjì, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí. Lẹ́yìn náà ló tó lè jókòó ṣe ìdánwò American Board of Allergy and Immunology, àjọ tó ń fún dókítà alẹ́jì ní ìwé ẹ̀rí, tó ti wà láti 1971. Ó dà bíi télọ̀ tó ti gba fúrídọ̀ọ̀mù, tó tún lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn láti kọ́ mọ́nógíráàmù.

Tí a bá wá pe fẹ́lò ní “dókítà àgbà”, ìyá ọmọ á rò pé òun ti rí ọ̀gá, á dìde máa lọ kí ọ̀gá gan-an tó wọlé. “Dókítà ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́” náà kò dáa. Ta ló fẹ́ kí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ gún ọmọ òun lábẹ́rẹ́? Àbá tèmi ni ìkọ́kún fún ẹ̀kọ́ náà, dókítà akọ́kún fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ó jọ akọ ikún. Àmì ohùn wà níbẹ̀ o. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò ló mú ẹran igbó wọ ọsibítù.

“Èèwọ̀ ara” dùn létí, mo gbà. Àmọ́ èèwọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ènìyàn tó fẹnu kan nǹkan: ìdílé, òrìṣà tàbí Ifá ló là á sílẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ ló jẹ̀bi. Alẹ́jì kì í bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ara á kọ́kọ́ pàdé nǹkan náà, ẹ̀pà ni o, ẹyin ni o. Á wá ṣe èròjà IgE tó mọ nǹkan yẹn, èròjà náà á lọ lẹ̀ mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí hísítámìnì, èròjà tó ń mú ara wú tó sì ń yúnni, kún inú wọn. Ìgbà tí nǹkan ọ̀hún bá tún padà wá ni sẹ́ẹ̀lì á tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní alẹ́jì ẹyin tàbí mílíìkì ló sì ń bọ́ nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Èèwọ̀ wo ló ń bá ọjọ́ orí lọ?

Ẹlòmíràn dábàá “ohun tí kò bá lára mu”. Bẹ́ẹ̀ náà là ń sọ ọ́ nílé, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù. Mílíìkì tó ń da inú àgbàlagbà rú nítorí pé ìfun rẹ̀ kò lè lọ ṣúgà inú mílíìkì mọ́ kò bá a lára mu lóòótọ́. Kò sí IgE níbẹ̀, kò sì ní pa á. “Kíkọ̀” ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún kíndìnrín ẹlòmíràn tí ara kọ̀. Alẹ́jì ni wọ́n ń sọ lọ́jà, alẹ́jì ni ká kọ. Clemens von Pirquet tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dún 1906 fẹ́ kó kó ìyípadà tó ń dáàbò boni àti èyí tó ń ṣeni léṣe pọ̀. Àwọn dókítà tó tẹ̀ lé e mú ibi, wọ́n fi ire sílẹ̀. Kò sídìí tí a ó fi máa wa gbòǹgbò ohun tí onílé ti fi sílẹ̀.

“Àjẹsára” ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀gbọ́n á ní oògùn tí bàbá wa jẹ sára ló kọ́kọ́ jẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lónìí, tí ẹ bá dárúkọ àjẹsára fún ìyá ọlọ́mọ, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà ní ilé ìlera ló ń rò. Ẹ wá wo “ọmọ yín kò ní àjẹsára tó”. Ìyá á gbọ́ pé abẹ́rẹ́ ọmọ kò tíì pé, á gbé e lọ gba èyí tó kù. Bẹ́ẹ̀, lára àìsàn tí dókítà akọ́kún ń kọ́ ni SCID, tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ, tí sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀ kò sí tàbí kò ṣiṣẹ́. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba àjẹsára tí kòkòrò inú rẹ̀ ṣì wà láàyè: BCG (ti ikọ́ ẹ̀gbẹ), ti rotavirus (tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru), ti rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́nu. Kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára fún ọmọ mìíràn lè gbilẹ̀ lára èyí títí tí á fi pa á. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ọmọ tuntun ni wọ́n fi ń wá a. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008. Ní Nàìjíríà, BCG àti ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń fún ọmọ ní kété tí wọ́n bá bí i. Ìyá tó bá gbé ìtumọ̀ wa lọ sílé ńkọ́?

Nítorí náà: ètò ààbò ara, ìmọ̀ ààbò ara, àìpé ààbò ara. Kí àjẹsára dúró sórí abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ alẹ́jì pàápàá, tí wọ́n fi ń mú kí nǹkan tó ń bí ara nínú mọ́ ara lára, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gún un, tí wọ́n ń fi díẹ̀díẹ̀ kún ìwọ̀n rẹ̀ fún oṣù 3 sí 6, kó tó wá di ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra fún ọdún 3 sí 5. Ẹni tó rò pé àjẹsára ni, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa wá. Ìṣẹ́jú 30 ló sì gbọ́dọ̀ fi jókòó lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí nǹkan bá fẹ́ yíwọ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà: “pọ́n”. Nínú ìdánwò awọ fún alẹ́jì, wọ́n ń kán omi èròjà ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fura sí sórí awọ inú apá tàbí ti ẹ̀yìn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ṣóńṣó tọ́ awọ lábẹ́ ẹ̀kán náà láìjẹ́ kó ṣẹ̀jẹ̀. Hísítámìnì wà láàárín wọn, òun gbọ́dọ̀ wú. Omi iyọ̀ náà wà, òun kò gbọ́dọ̀ wú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 20, wọ́n á wọn wíwú. Èyí tó bá fi mílímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ti omi iyọ̀ ti dáhùn. (Ẹni tó bá lo Piriton, oògùn tó ń dí hísítámìnì lọ́wọ́, lánàá, ti hísítámìnì gan-an lè má wú, ìdánwò bàjẹ́ nìyẹn.) Ìwé ìléwọ́ wa ní “ibẹ̀ á pọ́n”. Lára ọmọ dúdú, pípọ́n yẹn kì í sábà hàn. Ìyá á wò, á ní kò sí nǹkan. Ẹ kọ “á wú, á máa yún un”, kí ó fi ìka kàn án. Ẹ má sì túmọ̀ “ó dáhùn” sí “ó ní alẹ́jì”: ó lè wú lára awọ, kí ọmọ náà sì máa jẹ ẹ̀pà láìsí wàhálà. Ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó jẹ ẹ́ ni wọ́n ń gbé ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Fún anaphylaxis, alẹ́jì líle tó lè pani, mo fara mọ́ “alẹ́jì pàjáwìrì”, kì í ṣe “alẹ́jì tó ń gba èémí”. Ó lè jẹ́ ara wíwú àti èébì nìkan ló hàn, tí òbí á sì máa dúró de èémí kó tó gún adrenaline, oògùn pàjáwìrì rẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ itan.

Bí èmi ṣe máa tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ nìyí: “Dókítà akọ́kún ló máa kọ́kọ́ yẹ ọmọ yín wò. Ó ti di dókítà ọmọdé tàbí ti àgbàlagbà tẹ́lẹ̀. Alẹ́jì àti ààbò ara ló ń kọ́ kún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì lọ: ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀ wá rí yín.”